Wolé-wolé Ilé Wa àti Omi Sàráà Ìyá Teslim

Bí ẹ bá fẹ́ wolé-wolé níyàwó, ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìfaradà. Moyọ̀sọ́lá ìyàwó mi, wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ni, obìnrin tí kò lè débi àsè kó má kọ́kọ́ lọ wo ojú gọ́tà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un wá kí ìyá mi ní Mushin, kó tó kúnlẹ̀ tán ló ti ń bi wọ́n pé ibo ni sáláńgá wà. Ìyá mi wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àkàngbé, ṣé ìyàwó lo mú wá ni àbí ọlọ́pàá?"

Ẹ̀rín la fi ṣe nígbà náà. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́ o.

Téèlọ̀ ni mí. Ìsàlẹ̀ ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ìyá mi ń gbé yàrá ẹ̀yìn, èmi àti Moyọ̀sọ́lá wà lókè. Òdìkejì títì ni Teslim wà, ẹni tó ń fi kẹ́míkà sọ bọ́m̀pà ọkọ̀ tó ti dípẹtà di dídán. Ó mọṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà tó bá lò tán, níbo ló ń dà á sí? Gọ́tà ni tẹ́lẹ̀. Moyọ̀sọ́lá pariwo títí ó fi jáwọ́. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, àlàáfíà ti dé. Àlàáfíà wo? Kànga ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́, ihò rẹ̀ nìkan ló kù. Teslim fa róbà sí i lẹ́nu, ó ń da gbogbo ìdọ̀tí olóró náà sínú ilẹ̀. Ohun tí ojú ò bá ti rí, kò sí, lójú tirẹ̀.

Ibi tó ti wá di ọ̀ràn nìyí. Nígbà tí ìyá Teslim kú, ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tuntun síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ó fa ẹnu ẹ̀rọ sí ojú títì, ó ní kí gbogbo àdúgbò máa pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Sàráà fún ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ irú sàráà bẹ́ẹ̀: òkú ti lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá mu níbẹ̀, èrè rẹ̀ ń bá òkú ní sàréè. Ọ̀rẹ́ ìyá mi sì ni ìyá Teslim. Àwọn méjèèjì jọ ta aṣọ ní Tejúoṣó láti ìgbà ọmọge wọn. Ẹni tó bá ti rí ọ̀kan ti rí èkejì. Nítorí náà, láràárọ̀, bí ìyá mi bá kírun tán, wọ́n á gbé kọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á lọ bu omi náà, wọ́n á jókòó mu ún, wọ́n á ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ọ̀rẹ́ mi." Ta ló fẹ́ bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jà?

Ìyàwó mi ni.

Omi náà yí àwọ̀, ó ń rùn bí irin. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún ìyá mi, inú ń run wọ́n, wọ́n ń rù. Moyọ̀sọ́lá bu omi náà, ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Èsì dé: oró kẹ́míkà Teslim ti wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni, ihò méjèèjì ò jìnnà síra. Moyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu omi yẹn mọ́. Májèlé wà níbẹ̀."

"Májèlé? Nínú sàráà? Ìyàwó, torí pé ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ lo ṣe ń pe sàráà mùsùlùmí ní májèlé?"

"Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ara yín ni mò ń rò."

"Èmi ń ro ọ̀rẹ́ mi. Ó ń retí mi láràárọ̀. Ṣé kó máa retí lásán ni?"

Mo ní kí n dá sí i, wọ́n ní kí n lọ rán aṣọ mi.

Ẹ wá gbọ́ ti ọ́fíìsì. Moyọ̀sọ́lá lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n wá dí ihò Teslim. Ọ̀gá ní gọ́tà ni tàwọn, ohun tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀, ti ìpínlẹ̀ ni. Ó lọ bá ti ìpínlẹ̀. Wọ́n ní omi làwọn ń bójú tó, kẹ́míkà wà lọ́wọ́ àwọn míì. Àwọn míì ní kó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ta ni Teslim tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó máa da ásíìdì sínú ilẹ̀? Nígbẹ̀yìn, àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un: kó ti ẹnu ẹ̀rọ pa. Ẹnu ẹ̀rọ nìkan! Wọ́n dá ẹni tó ń mu májèlé dúró, wọ́n fi ẹni tó ń dà á sílẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Ó tì í. Ó fi wáyà dè é, ó sì fi èdìdì pupa sí i. Àdúgbò bá dìde sí wa. Wọ́n ní ìyàwó Àkàngbé sé omi mọ́ òkú lẹ́nu. Àwọn oníbàárà mi kan wá kó aṣọ wọn láìrán. Teslim alára káwọ́ lérí lójú títì bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, ó ní, "Àkàngbé, ìyá mi ni ìyàwó ẹ dè mọ́lẹ̀ yẹn."

Kò pẹ́, a jí, wáyà ti já. Moyọ̀sọ́lá so ó padà, ó tún já. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ Teslim ni, àfi kóun mú un. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, òun àtèmi fara pamọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù mi, à ń yọjú. Ta la rí? Ìyá mi! Sísọ́ọ̀sì ńlá tí mo ti ń wá látọjọ́ yìí ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gé wáyà, wọ́n bu omi, wọ́n jókòó.

Moyọ̀sọ́lá jáde. Mo rò pé á pariwo, ẹkún ló ń sun. "Màmá, bí omi yìí bá pa yín, kí ló máa dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ yín? Ṣé èrè ni àbí ẹ̀ṣẹ̀?"

Ìyá mi wo inú kọ́ọ̀bù náà. Wọ́n dìde, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn Teslim, a tẹ̀lé wọn. Ó jáde, ó ń fa píọ̀ wọ́tà mu.

"Teslim, gbà. Omi sàráà ìyá ẹ ni. Mu ún, kí èrè kàn án."

Ó wo kọ́ọ̀bù náà. "Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi ni."

"Láti ọjọ́ tó o ti gbẹ́ ẹ, o mu níbẹ̀ rí?"

Àwọn ará àdúgbò ti ń yọjú. Teslim fà sẹ́yìn, ó kọ̀, kò gba kọ́ọ̀bù náà.

"Ó mọ̀," ni ìyá mi wí. "Háà! Ọmọ yìí mọ̀." Wọ́n da omi náà sílẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. "Láràárọ̀ ni mò ń mu ún nítorí ìyá ẹ, Teslim. O dúró níbí, ò ń wò mí."

Wọ́n yíjú sí Moyọ̀sọ́lá. "Ìyàwó mi, mú wáyà wá." Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi so ẹnu ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ wọn pa, omijé ń bọ́ lójú wọn. Ihò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ṣì ṣí sílẹ̀ títí di òní. Ọ́fíìsì ní ká lọ, ká bọ̀.