Ṣojú àti Ṣẹ́jú

Ní òpópónà wa ní Olódì-Àpápá, a kì í fi orúkọ tí bàbá sọ kánsẹ́lọ̀ pè é. Ohun tó bá fi sílẹ̀ fún wa la fi ń pè é. Bí kò bá sì fi nǹkan kan sílẹ̀, a máa wá nǹkan pè é náà ni, torí ẹnu àwọn ará Ajégúnlẹ̀ kì í gbófo.

Kánsẹ́lọ̀ Pọ́ǹpù ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀. Ṣáájú ẹ̀, láyé sójà, rédíò ló máa ń sọ ẹni tó ń ṣàkóso wa fún wa. Nígbà tí Pọ́ǹpù wá wọlé ìbò, tó gbẹ́ kànga, tó fi pọ́ǹpù sí i, tómi yọ, inú wa dùn débi pé a bẹ́ sábẹ́ omi náà tòun taṣọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi dákẹ́. Orí pèpéle ẹ̀ la ń sá aṣọ sí títí dòní. Kánsẹ́lọ̀ Òpó ló tẹ̀ lé e. Ó ri òpó iná mọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí títí dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá gbàgbé wáyà. Kò burú náà, ara òpó yẹn la ń so bánà ìsọjí àti ti wáàsí mọ́, kò sì sí ìjà. Ẹnì kẹta ni Kánsẹ́lọ̀ Mò-ń-Bọ̀. Tó o bá pè é lórí fóònù pé omi ti wọlé, á ní, "Mò ń bọ̀." A ṣì ń retí ẹ̀.

Nǹkan kan wà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jọra. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ìbò báyìí ni wọ́n ń kó jáde ládùúgbò. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kó jáde, omi ló máa wá wọlé dípò wọn.

Yàrá màmá mi ni omi yẹn sì máa ń kọ́kọ́ yà sí. Aránṣọ ni wọ́n. Ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí, ojúlé náà sì kọjú sí gọ́tà gan-an. Láyé àtijọ́, gọ́tà yẹn ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí àwọn trélà tó ń dúró de àyè àtiwọ wáàfù, ìyẹn èbúté Àpápá, bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ òpópónà wa, tí wọ́n ń gun orí gọ́tà sùn, ni kọnkéré tó bò ó fọ́ sínú ẹ̀. Iyanrìn dí i, ọ̀rá dí i. Èmi tí mò ń ṣe ejẹ́ǹtì ní wáàfù, tí mò ń báni gba ẹrù jáde, mọ̀ pé ẹrù àwọn oníbàárà mi wà lórí òmíràn nínú àwọn trélà náà, ìyẹn tún wá ń bí mi nínú sí i.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bẹ màmá mi kí wọ́n wá bá mi gbé ní Ìkòròdú. Wọn kì í dá mi lóhùn, wọ́n á kàn máa wa ẹ̀rọ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú ìbò tó tẹ̀ lé ti Mò-ń-Bọ̀, lẹ́yìn òjò ńlá kan, mo dé, mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè, aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan wà lọ́wọ́ wọn, ẹrẹ̀ ti bò ó. Onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì ló ń bá wọn gbọ́n omi, ó ká yẹ̀rì sí orúnkún.

Màmá mi ò wojú mi. Wọ́n ní, "Bómi bá tún wọ yàrá yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ń bá ẹ lọ."

Ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún látọjọ́ yìí nìyẹn, àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ, ṣe ni ọkàn mi bàjẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ló rán mi níléèwé. Ta ni wọ́n fẹ́ máa bá jà ní Ìkòròdú? Ta ló máa mọ̀ wọ́n débi tó fi máa bú wọn, tí wọ́n á sì bú u padà?

Nígbà tí ìbò ń bọ̀, onídìrí yẹn ló jáde láti du ipò kánsẹ́lọ̀. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, apá ibi odò ló ti wá, wáàfù ló ti ṣiṣẹ́, ó ń ru àpò. Wọ́n bí ọmọ náà sí òpópónà wa, màmá mi sì pọ̀n ọ́n. Ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Yorùbá ti ọjà Boundary nítòsí wa ni, tó jẹ́ pé ààbọ̀ ẹ̀ Pidgin ni. Mo sọ fún màmá mi pé kí wọ́n má da ara wọn láàmú, pé òun náà á wọlé, á sì kó jáde. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé.

Wọ́n pe ìpàdé síwájú mọ́sálásí. Ọkùnrin tó ń bá a du ipò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó kì wá, ó pa òwe, ó ní ìdílé àwọn ti wà níbí kí ọkọ̀ ojú omi tó mọ ọ̀nà Àpápá. Ó wá kan onídìrí wa. Ó kúnlẹ̀ kí àgbà, ó dìde, ó ní:

"Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá, mo fẹ́ ṣẹ́jú fún yín ní káńsù."

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn, "Ṣẹ́jú kẹ̀! Ṣé alága káńsù lẹ fẹ́ ṣẹ́jú sí ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Alátakò ẹ̀ dìde, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ẹni tí ò lè pe 'ṣojú', òun ló fẹ́ ṣojú yín. Ẹ fi tonílé fún onílé."

"Abeg, ẹ má bínú," lọmọbìnrin náà ń sọ, "Yorùbá mi no too straight."

Bàbá àgbà kan tó bá bàbá rẹ̀ ru àpò ní wáàfù na ọ̀pá sókè.

Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́ 'ṣojú' tó já gaara láyé mi. Pọ́ǹpù sọ ọ́. Òpó sọ ọ́. Mò-ń-Bọ̀ sọ ọ́, ó tún fi òwe gbè é. Nígbà tómi wọ yàrá aránṣọ, èwo ló ṣojú ẹ̀ nínú wọn?"

Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí ọmọbìnrin náà.

"Ọmọ yìí ló ṣojú ẹ̀ kòró, tó gbọ́n omi. Ẹni tọ́rọ̀ ò bá ṣojú ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ṣojú wa? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé ó fẹ́ ṣẹ́jú. Ẹni tó bá ń ṣẹ́jú, ojú ẹ̀ ṣì là. Àwọn tẹ́ ẹ ti dìbò fún rí, ṣe ni wọ́n dijú pátápátá."

Màmá mi náà dìde. "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni tèmi. Tó o bá wọlé, ṣé wàá kó jáde?"

"Ah, Màámi, where I wan go?" Ó fọwọ́ tọ́ka sílẹ̀. "Ibí ni wọ́n sin ibi mi sí."

Ibí, ibi. Ọ̀rọ̀ méjì tó lè gbé ẹnu àjèjì ṣubú, kò ṣi ìkankan pè nínú ẹ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Ó wọlé. Kó tó mú ohunkóhun wá ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Kánsẹ́lọ̀ Ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ló sì ń jẹ́ ẹ. Kò kó jáde, kò sì ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó kó àwọn ìyá àdúgbò lẹ́yìn, wọ́n lọ bá àwọn awakọ̀ trélà, ó fi Pidgin bẹ̀ wọ́n, ó fi Pidgin bú wọn, títí tí wọ́n fi kúrò lórí gọ́tà. Ó wá ń lọ jókòó sí káńsù lójoojúmọ́ títí ọ̀rọ̀ ẹ̀ fi sú wọn, tí wọ́n gbé katapílà wá kó iyanrìn. Wọn ò tíì bo gọ́tà náà tán o, òpó iná ò sì tíì rí wáyà.

Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó rọ̀ mọ́jú. Mo gbéra ní Ìkòròdú láàárọ̀, mo kó àwọn báàgì òfìfo sẹ́yìn ọkọ̀ láti fi palẹ̀ ẹrù màmá mi mọ́. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń ronú ibi tí màá gbé ẹ̀rọ wọn sí.

Mo gbọ́ ìró gọ́tà kí n tó rí i. Ó ń sáré, ó ń hó, ó kún dé etí, kò sì kọjá etí. Ilẹ̀kùn màmá mi ṣí sílẹ̀, ilẹ̀ yàrá gbẹ, wọ́n ń wa ẹ̀rọ lọ ràì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lápá.

Wọ́n ní, "Báàgì kí nìyẹn?"

Mo ní, "Mo kàn ní kí n wá kí yín ni, mà."

Kánsẹ́lọ̀ Ṣẹ́jú wà lódìkejì gọ́tà nínú bàtà òjò, ó ń fi réèkì wọ́ ọ̀rá jáde nínú omi. Ó gbọ́ irọ́ mi. Ó gbójú sókè, ó wo báàgì, ó wò mí, ó sì ṣẹ́jú sí mi.