Káàdì Tó Ń Padà Wá Sí Àtẹ̀gùn Wa

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, alàgbà kan nínú ìjọ wa dìde lẹ́yìn ìwàásù, ó sì kìlọ̀ fún wa. Ó ní àwọn káàdì ike aláwọ̀ ọsàn tún ti ń léfòó lórí omi, pé ẹni tó bá rí ọ̀kan kò gbọdọ̀ mú un wọlé. Kí ó sọ ọ́ padà, kí ó má bojú wẹ̀yìn. Ìjọ ṣe àmín. Èmi kò lè ṣe é. Mo ti sọ irú káàdì bẹ́ẹ̀ padà sómi rí.

Nígbà tí owó epo gba Warri kan, tí ilé tuntun ń hù lójú Jakpa Road, mo ríṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kékeré kan lẹ́bàá ọjà etí omi Ogbe-Ijoh. Ìwé sẹ́kọ́ńdírì tí mo kà ló gbé mi débẹ̀. Ọ̀gá mi, ọ̀dọ́kùnrin Ìjẹ̀bú kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkun, ń ṣètò ìwádìí: ilé-iṣẹ́ epo fẹ́ mọ ibi tí omi ń ṣàn lọ, kí wọ́n tó pinnu ibi tí ọkọ̀ ńlá yóò ti máa gba epo rọ̀bì lójú òkun. Ibi tí omi bá lọ, epo tó bá dà á tẹ̀ lé e. Nítorí náà ni wọ́n ṣe da káàdì sókun, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹni tó bá rí i kọ ibi, ọjọ́ àti àkókò, kí ó fi ránṣẹ́. Èmi ni mo ń kọ àwọn tó bá dé sínú ìwé. Ọ̀gá a sì fi àmì pupa sórí máàpù.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé, sí abúlé àwa Ìlàjẹ tó sún mọ́ ẹnu òkun. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, wà. Ọkọ mi ti lọ pẹja lọ́dún tó ṣáájú, a kò rí òun, a kò rí ọkọ̀ rẹ̀.

Ní Sátidé kan, ní agogo méje ku ogún ìṣẹ́jú, ọmọ mi pè mí. Kùrukùru bo omi. Káàdì kan fara ti ìgbésẹ̀ kẹta àtẹ̀gùn wa tó wọ inú omi, ó dúró ṣánṣán, nọ́ńbà rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà: 217. Ìyá ọkọ mi ní kí n ka ohun tó wà lára rẹ̀. Mo kà á fún wọn ní Yorùbá: “Jọ̀wọ́, sọ ibi tí o ti rí mi.”

“Ìyàwó, ọmọ mi ló ránṣẹ́ yẹn,” ni ìyá ọkọ mi wí. “Ọmọ rẹ̀ ló ń wá.”

Mo mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Irú káàdì yẹn kún inú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Síbẹ̀ mo sọ ọ́ sómi bí omi ṣe ń fà, mo sì fa ọmọ wọlé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní agogo méje àbọ̀, ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Mama, e don come again.”

Ìgbésẹ̀ kẹta náà ni. Mo fi ọ̀bẹ gé igun rẹ̀ kan, kó má lọ jẹ́ pé káàdì méjì ló ní nọ́ńbà kan náà, mo tún sọ ọ́ nù. Àwọn aládùúgbò ní àwọn náà ti sọ tiwọn padà. Ní Sátidé kejì, ní agogo kan ọ̀sán, ó ti dé, pẹ̀lú igun tí mo gé. Mo jù ú nù lẹ́ẹ̀kẹta. Títí ilẹ̀ fi ṣú, mo so ìró ọmọ mi mọ́ tèmi.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá mi ń parí máàpù rẹ̀. Àmì pupa pọ̀ níhà ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀dọ̀ wa funfun báláú. Ó fi ìdùnnú sọ fún mi pé omi kì í dé ibẹ̀ rárá, pé ọ̀kánkán ibẹ̀ ni òun yóò ní kí wọ́n ti máa gba epo. Àwa la nu ibẹ̀ mọ́.

“Sà, àwọn káàdì ń dé ọ̀dọ̀ wa. A ń sọ wọ́n padà ni.”

“Ẹ̀yin náà, màdáámù? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi jà tí n kò bá kọ ìṣẹ́jú?”

“Èmi náà, sà.”

Ó bi mí pé mélòó ni. N kò mọ̀. 217 nìkan ni mo lè sọ ọjọ́ àti àkókò rẹ̀. Ó fi àmì pupa kan ṣoṣo sí abúlé wa, ó sì gbé bírò sílẹ̀. Ó ní àmì kan kò lè yí ìmọ̀ràn òun padà, ṣùgbọ́n òun yóò dúró, òun yóò da òmíràn sókun.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi. Mo ní, “Ẹ wò ó, Ìyá, ó ní kí a sọ ibi tí a ti rí òun. Ẹ jẹ́ ká sọ fún un.” Wọ́n sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kan sẹ́nu ọ̀nà fún àwọn káàdì. Ilé tó kù wò wá ṣe.

Nígbà tí ìwádìí parí, pupa ti bo ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì gbé ibi ìgbepo náà jìnnà. Ẹ̀bá omi yẹn lọmọ mi dàgbà sí. 217 kò padà wá mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ṣì máa ń wo ìgbésẹ̀ kẹta.

Ní báyìí, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ri ẹ̀rọ amúnáwá tí afẹ́fẹ́ ń yí mọ́ lójú òkun, kí a lè rí iná lò. Káàdì wọn ni alàgbà rí. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má sọ ọ́ padà. Ẹ kọ ibi, ọjọ́ àti àkókò, kí ẹ sì fi ránṣẹ́.