Bàbá Oníṣọ́ọ̀kì àti Ilé tí Kò Tíì Ní Ògiri

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn Bàbá Oníṣọ́ọ̀kì, ọjọ́ tí bàbá náà tilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba síta ló gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ilé tó tì mọ́ ọn síta kò ní ìlẹ̀kùn. Kò ní ògiri, kò ní òrùlé. Ilẹ̀ gbalasa ni, tí wọ́n ṣán, tí wọ́n gbá, tí bàbá sì fi ṣọ́ọ̀kì funfun ya gbogbo ilé náà sí bó ṣe máa tóbi gẹ́lẹ́: pálọ̀, yàrá mẹ́ta, ilé ìdáná, títí dé ibi tí ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan á máa ṣí sí.

Òṣìṣẹ́ náà dé, ó fi fáìlì há abíyá, ó tẹ ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà sí àárín pálọ̀.

"Ẹ dúró níbẹ̀!" Bàbá figbe ta. "Inú ògiri lẹ gbà wọlé yẹn!"

"Ògiri dà, Bàbá?"

"Òun lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Ẹ padà síta, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà bí ọmọlúàbí."

Òṣìṣẹ́ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn èèyàn ti ń kóra jọ lẹ́bàá títì. Nígbà tó rí i pé bàbá ò ní bá òun sọ̀rọ̀ kankan mọ́, ó padà, ó yí po, ó lọ dúró níwájú àlàfo kékeré kan láàárín ìlà méjì, ó sì na ọwọ́ kan afẹ́fẹ́. "Kó, kó, kó. Àgò onílé o!"

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Bàbá wò ó lójú kòrókòró, ó ní, "Ta nìyẹn? Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀, mò ń wá kọ́kọ́rọ́."

Iṣẹ́ àwòrán ilé ni bàbá ń ṣe. Ládùúgbò wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù láìjẹ́ pé ọ́fíìsì kọ́kọ́ yẹ àwòrán ilé rẹ̀ wò, bóyá ilé náà ò ní máa jẹ iná mànàmáná bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n á fẹ́ mọ ìwọ̀n fèrèsé kọ̀ọ̀kan àti irú gíláàsì tó máa wà níbẹ̀, bí ògiri ṣe nípọn tó, àti ohun tí wọ́n máa tẹ́ sábẹ́ páànù kí ooru má baà já lé onílé lórí. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni ọfà kékeré kan ní igun ìwé, tó ń tọ́ka sí àríwá. Ara ọfà yẹn ni wọ́n ti ń mọ fèrèsé tí oòrùn máa bá wọlé láàárọ̀, àti èyí tó máa bá wọlé lọ́sàn-án. Yàrá tó bá kọjú sí oòrùn ọ̀sán, fáànù ò ní sinmi níbẹ̀, ẹni tó ń sùn níbẹ̀ náà ò sì ní sinmi.

Òṣìṣẹ́ tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta yìí ló ń ṣe àyẹ̀wò náà. Bírò pupa kì í wọ́n lápò rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń pè é ní Oníbírò Pupa nìyẹn, tó bá ti kọjá lọ. Bàbá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Kò sì sẹ́ni tó ń pèsè àwòrán sílẹ̀ fún àyẹ̀wò bíi bàbá. Fọ́ọ̀mù ní kó kọ ìwọ̀n yàrá. Bàbá á kọ ìwọ̀n yàrá, á kọ ẹni tó máa sùn níbẹ̀, á kọ aago tó máa sùn àti ẹ̀gbẹ́ tó máa ń fi sùn. Nígbà kan, ó ya ológbò kan sójú fèrèsé àwòrán oníbàárà rẹ̀.

"Bàbá, fọ́ọ̀mù yìí ò béèrè ológbò," ni Oníbírò Pupa wí.

"Ológbò yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n ti fèrèsé. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni, àbí ẹ ò fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

Oníbírò Pupa fi bírò pupa fagi lé ológbò. Bàbá fi sùúrù gba ìwé rẹ̀ padà, ó tún ológbò yà, ó sì ya ọmọ méjì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí bàbá fẹ́ fi yàrá kan kún ilé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Fọ́ọ̀mù ní kó to gbogbo ohun tó ń mú ooru jáde nínú ilé. Bàbá kọ gílóòbù, ó kọ áyọ́ọ̀nù, ó kọ sítóòfù. Lẹ́yìn náà ó ronú jinlẹ̀, nítorí olóòótọ́ èèyàn ni, ó kọ ọ́ pé: "Ìyàwó mi." Ìyàwó rẹ̀ ló sì máa ń bá a to ìwé sínú fáìlì.

"Bàbá wọn, ṣé èmi náà ti di sítóòfù?"

"Ká má rí i! Sítóòfù ṣeé pa."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni iná ò fi jó nílé ìdáná náà, tí bàbá ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé yẹn, kò tutù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbéraga rẹ̀ kan ṣoṣo ni ọfà. Àwọn ayàwòrán yòókù ń lo kọ́ńpáàsì láti fi mọ àríwá, bàbá ní wọ́n ń dójú ti ara wọn. "Àríwá ń bẹ lára mi," ló máa ń wí, á sì fọwọ́ lu àyà. Bẹ́ẹ̀, ìwé Ọlọ́run ti sọ ohun tí ń ṣáájú ìṣubú.

Ìgbà tí aránṣọ kan fún un níṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọfà dé ojú ẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni aránṣọ náà àti ìyá rẹ̀ ń gbé, lábẹ́ páànù tí kò ní sílíǹgì. Ìyá ti dàgbà, àyà sì ń dí wọn. Tí ooru bá mú, wọ́n á máa mí bí ẹni tó sáré gun òkè. Ìgbà méjì lọ́dún yẹn ni aránṣọ ti sáré gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ìjọba fún aránṣọ nílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òpópónà tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí àwòrán ilé ò bá yege kí oṣù tó parí, ilẹ̀ á di ti ẹlòmíì.

"Bàbá, tèmi ò le," aránṣọ wí. "Kí ìyá mi ṣáà rí ibi mí sí lọ́sàn-án."

"Yàrá wọn á kọjú sí ìlà oòrùn," ni bàbá dá a lóhùn. "Oòrùn àárọ̀ á kàn máa wá kí wọn kú ojúmọ́ ni, á sì máa bá tiẹ̀ lọ."

Àwòrán náà kò yege. Oníbírò Pupa kọ ọ́ sí i lára pé ọfà bàbá ò bá máàpù ilẹ̀ mu, pé oòrùn ọ̀sán gan-an ni fèrèsé ìyá kọjú sí. Bàbá ní máàpù ló ṣìnà. Ó mú àwòrán náà padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò yí nǹkan kan padà níbẹ̀, àfi ọfà nìkan. Ó fà á kó tóbi sí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí, àǹfààní ẹyọ kan ló sì ṣẹ́ kù nínú mẹ́ta tí ọ́fíìsì ń fún èèyàn. Aránṣọ ò rí oorun sùn mọ́. Ni bàbá bá ra ṣọ́ọ̀kì páálí mẹ́ta, ó ranṣẹ́ sí Oníbírò Pupa pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Bí a ṣe dé ibi tí wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn síta nìyẹn.

Nígbà tí bàbá "rí kọ́kọ́rọ́" tó sì ṣí ìlẹ̀kùn fún un, wọ́n gbé àga sí yàrá ìyá, wọ́n fi ìyá aránṣọ jókòó síbẹ̀, ojú wọn sí fèrèsé ṣọ́ọ̀kì. Ìyàwó bàbá gbé omi wá fún gbogbo wọn. Ó gba ẹnu ọ̀nà. Òun mọ ọkọ rẹ̀.

Aago méjì kọjá. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, ó ti gba ojú fèrèsé náà wọlé wẹ́rẹ́, ó wá jókòó sórí itan ìyá. Ìyá ń làágùn, wọ́n ń fi etí ìborùn fẹ́ atẹ́gùn sójú, wọn ò sì fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni.

"Bàbá," ni ìyá fi pẹ̀lẹ́ wí, "ṣé oòrùn àárọ̀ yín ló pẹ́ dé báyìí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá wo oòrùn, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo oòrùn. Ìyàwó rẹ̀ ló là á yé gbogbo wọn. Ó ní, "Bàbá wọn, ibi kan náà lẹ máa ń tẹ́ ìwé sí lórí tábìlì, ilé ìdáná mi sì ni ọfà yín máa ń tọ́ka sí. Gbogbo ilé òpópónà wa jọ kọjú síbì kan náà, ló ṣe ń bọ́ sí àríwá fún yín látijọ́. Òpópónà tuntun yìí yà síbòmíì."

"O mọ̀, o ò sọ?"

"Ogún ọdún ni mo ti ń rí i. Mo rò pé ìfẹ́ ni."

Ohun tí bàbá ṣe lẹ́yìn èyí ni wọn ò jẹ́ gbàgbé. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi fìlà náà nu ògiri yàrá ìyá kúrò nílẹ̀. Ó ní, "Mo ṣì í. Ẹ forí jì mí." Ó wá na okùn ìwọ̀n sí Oníbírò Pupa. "Ọ̀gá, ẹ bá mi di ìdí èyí mú." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é ní ọ̀gá. Oníbírò Pupa kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò dúdú rẹ̀, ó di okùn mú. Wọ́n gbé yàrá ìyá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn, wọ́n gbé yàrá ẹrù wá síbi tí ọ̀sán ń gbóná sí, bàbá sì fa etí òrùlé gùn kó lè máa ṣíji bo ògiri. Títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn méjèèjì funfun bí ẹni tó ṣubú sínú àpò ìyẹ̀fun.

Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, àwòrán náà yege. Oníbírò Pupa ò tilẹ̀ rí nǹkan fi bírò kọ, àfi ológbò kan tí bàbá yà sójú fèrèsé ìyá. Ó wo ológbò náà pẹ́, ó fi í sílẹ̀.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni Ọlọ́run pe Bàbá Oníṣọ́ọ̀kì, lójú oorun, láìsí ìrora, a dúpẹ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́, ó bá kọ́ńpáàsì kan nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, wọ́n fi áńkáṣífù wé e mọ́ra bí ẹyin. Ó ti fara gbó. Láti ọjọ́ fìlà yẹn ló ti ń lò ó, tó ṣì ń lu àyà fún gbogbo ayé pé àríwá ń bẹ lára òun. Ìyàwó rẹ̀ wé e padà, kò jẹ́ káwọn ayàwòrán yòókù rí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé aránṣọ ni wọ́n jókòó sí, nítorí ibẹ̀ ló tutù jù ládùúgbò. Ìyá aránṣọ wà lórí àga wọn, ní yàrá wọn, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbé wọn lọ sílé ìwòsàn nítorí ooru mọ́. Kò sì sí ọjọ́ kan tí wọn ò fi orúkọ bàbá sínú àdúrà wọn, ṣáájú ti ọmọ wọn pàápàá.

Oníbírò Pupa náà dé. Ìlẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo èèyàn ló ń rí i. Ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ kan afẹ́fẹ́.

"Kó, kó, kó. Àgò onílé o."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó bàbá rẹ́rìn-ín títí, omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ìyá aránṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé ọwọ́ lé ògiri ẹ̀gbẹ́ wọn, ògiri tó tutù.

"Àgò yà, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Máa wọlé. Bàbá ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún wa."