Ẹ̀ka Bláàkíbẹ́rì tí Mo Gé ní Sharjah

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ohun tó sì kó bá mi nìyẹn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ọkọ́ rí máa ń rò pé gbogbo ewéko ayé ló gbọ́ èdè òun.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, èmi àti ọkọ mi gba yàrá kan lẹ́yìn ilé àtijọ́ kan ní Abu Shagara ní Sharjah. Tọkọtaya àgbà kan láti Lẹ́bánónì, tó gbà wá sí yàrá náà, ló ń gbé iwájú. Màmá àti Baba là ń pè wọ́n. Kíndìnrín Baba ti ń kọṣẹ́. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, bláàkíbẹ́rì nìkan ló ń dárúkọ, èso dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń já jẹ ní abúlé wọn nígbà èwe. Màmá wá gbin ẹyọ kan sí ibòji ògiri, omi tí à ń mu ló fi ń rin ín. Odidi ọdún kan ló fi yọ ọwọ́ gígùn ẹlẹ́gùn-ún, kò so. Màmá ní bí ìgbà òtútù bá ti kọjá, ó máa so. Dókítà ní kò dájú pé Baba á kọjá ìgbà òtútù náà. Màmá ń bá ikú sáré, gbogbo wa la mọ̀.

Ní December, wọ́n pe Màmá pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní Beirut. Ó fi Baba àti igi náà sí mi lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ewé igi náà ti ń pọ́n, ẹ̀ka rẹ̀ ti gbó, ó rí játijàti lójú mi. Nílé wa, ẹ̀fọ́ tó bá gbó, ńṣe là ń ré e kó lè rú. Mo mú ọ̀bẹ ìdáná, mo gé gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀gún ń gún mi, mo ń kọrin. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá pè. Kó tó béèrè Baba, igi ló béèrè.

"Habibti, ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwọn ẹ̀ka tó ti gbó yẹn o. Orí wọn ló máa so sí. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó di ọdún kejì kó tó so."

Mo ní, "Yes, Màmá, ó wà dáadáa."

Nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Al Quoz dé, mo sọ fún un.

"Tell her now! Say sorry, khalas, ó parí. Ṣé wọ́n máa pa ẹ́ ni?"

"Kì í ṣe èmi ló máa kú," mo dá a lóhùn.

Gbogbo ìgbà tí Màmá bá pè ni mo ń parọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mi ò sùn dáadáa, ọbẹ̀ ń jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Màmá dé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Baba, mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Ó máa lé yín jáde," ló wí. "Fi í sílẹ̀ fún mi."

Màmá dé, kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi gba ẹ̀yìn ilé lọ. Nígbà tó wọlé padà, ojú rẹ̀ ti yí.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni mo ní kí ọmọ yìí gé e," Baba dáhùn. "Ó ti sú mi."

Mo ń retí ariwo. Màmá ò pariwo. Ó jókòó sórí báàgì rẹ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀.

"Ṣé o ò fẹ́ dúró láyé mọ́ ni?"

Baba nawọ́ sí i. Kò ro ibẹ̀ yẹn rárá. Èmi náà ò rò ó. Mo dúró pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́, ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí.

"Màmá, irọ́ ni. Èmi ni mo gé e. Mo ṣe é bí ẹ̀fọ́. Baba ò mọ̀ sí i."

Ó dìde, ó gbá mi létí. Tíréè já bọ́. Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, ẹkún àti ẹ̀rín ń jáde pọ̀.

"Ó fẹ́ dúró," ló ń sọ fún mi, bí ẹni pé èmi ni mo ń bá a jiyàn. "Ṣé o gbọ́? Ó fẹ́ dúró."