Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Kò Fẹ́ Lọ

Mẹ́rin ni àwọn ọ̀rọ̀ tí màmá mi máa ń sọ fún àlejò pé mo sọ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mẹ́ta nínú wọn, mo gbà pé èmi ni mo sọ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rántí. Ẹ̀kẹrin ni mò ń kọ nípa rẹ̀.

Màmá mi ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Adjamé, àdúgbò kan ní ìlú elédè Faransé tí a ń gbé. Bí oníbàárà tó gbọ́ Yorùbá bá jókòó, tí mo sì wà nítòsí, á bẹ̀rẹ̀. Á ní nígbà tí mo kọ́kọ́ rí bàbá mi tó forí kanlẹ̀ lórí ìrun, mo lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, "Bàbá, kí ló sọnù? Ẹ jẹ́ ká jọ wá a." Á ní mo bi òun bóyá ata máa ń ta ara rẹ̀. Á ní mo bi tíṣà mi nílé ìwé bóyá òun náà máa ń sọ Yorùbá tó bá délé, nítorí mo rò pé Faransé dà bí aṣọ ilé ìwé, pé gbogbo èèyàn ló ń bọ́ ọ sílẹ̀ tí wọ́n bá ti wọlé.

Lẹ́yìn náà ló máa ń sọ ti ọkọ̀ ojú omi. Á ní òun ń wẹ̀ mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ní ìrọ̀lẹ́ kan, ni ọkọ̀ ńlá kan tó ń kúrò ní èbúté bá fọn fèrè. Mo di òun lọ́wọ́ mú, mo ní, "Màmá, ó ń sunkún. Kò fẹ́ lọ. Ẹ ní kó wá sùn sọ́dọ̀ wa, èmi á sún fún un."

Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín gan-an. Màmá mi fúnra rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Á wá nawọ́ sí mi: "Ẹ wò ó lónìí! Ó ti gba dìpúlómù, a ò gbóhùn ẹ̀ mọ́. Ó ti ná gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ tán kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún."

Mo fẹ́ràn ìtàn náà. Mo tilẹ̀ máa ń rò pé mo rántí bí fèrè ọkọ̀ náà ṣe dún. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí báyìí nìyẹn.

Lọ́dún tí mo parí yunifásítì, mo nílò ẹ̀dà ìwé ìbí mi láti fi wá iṣẹ́. Mo gbà á ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, mo sì kà á nínú ọkọ̀ bí mo ṣe ń bọ̀ wálé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, Adjamé ni àwọn òbí mi ń gbé. Adjamé náà la wà títí dòní, nínú ilé kan náà, nísàlẹ̀, níbi tí a kì í ti í rí omi kankan àfi èyí tí òjò bá rọ̀ sí àgbàlá.

Mo gbé e yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé a lọ kí ẹnìkan lẹ́bàá èbúté. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ọmọ lọ wẹ̀ nílé onílé? Ó lè jẹ́ pé màmá mi ṣi ibẹ̀ rántí. Ṣùgbọ́n ó rántí àwọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó fi bu omi. Ohun kan ló kù, n kò sì fẹ́ gbà á kí n tó bi ẹni tó mọ̀.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí à ń pè ní Àǹtí, ń gbé ní Songon. Ó ń ṣe ẹja lọ́wọ́ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ọmọ kan wà ṣáájú mi?"

Kò gbójú sókè. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìwé ìbí mi ni."

"Ìwé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé yìí, ẹ ó fi ìwé hú ohun tá a ti bò."

Ó fọ ọwọ́, ó nù ún, ó wá sọ fún mi. Ọmọkùnrin ni. Treichville, àdúgbò mìíràn nínú ìlú yìí, ni wọ́n ń gbé nígbà náà, lókè ilé kan tó kọjú sí èbúté. Ibà mú un fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Oyún mi ti wà nínú màmá mi. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ló gbé e lọ sin lọ́jọ́ náà gan-an. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ ibẹ̀ fún wọn. Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí màmá mi má sunkún jù, nítorí èyí tó wà nínú. Kí n tó dáyé, wọ́n ti kó wá sí Adjamé, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́.

"Ṣé òun ló sọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn?"

"Mo wà níbẹ̀," ni Àǹtí wí. "Èmi ni mo gbé ọṣẹ dání. Má bi màmá ẹ o."

Ó yẹ kí n gbọ́ràn. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá màmá mi ti gbàgbé ni, tàbí ó mọ̀. Lọ́jọ́ kan, bí oníbàárà kan ṣe rẹ́rìn-ín ọkọ̀ náà tán tó sì lọ, mo ní, "Màmá, ilé wo la wà nígbà yẹn?"

Ó wò mí. Ó mú abọ́ kan tí kò dọ̀tí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. "N ò rántí mọ́," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, kò sọ ti ọkọ̀ mọ́. Á sọ ti ìrun, á sọ ti ata, á sọ ti tíṣà, á wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ń tẹ̀ lé mi kiri. Mo lè jókòó síbi iṣẹ́ ní Riviera, níbi tí ohùn èbúté kì í dé, kí n máa gbọ́ fèrè náà, kí n má sì mọ etí ta ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Màmá mi kò ní sàréè tó lè bẹ̀ wò, kò ní fọ́tò, kò ní orúkọ tó lè pè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ó sì fi í sí mi lẹ́nu, kí ó lè máa sọ ọ́ ní gbangba, kí àwọn èèyàn sì bá a rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fi ìbéèrè mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bó ṣe rí nínú rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe yé mi nìyẹn, kò sì jẹ́ kí n sinmi.

Lóṣù tó kọjá, Àǹtí wá kí wa ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá mi sọ ti ata, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ó ku ti ọkọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, Màmá ń wẹ̀ mí, ni ọkọ̀ kan bá fọn fèrè."

Àǹtí gbójú sókè wò mí.

"Ọdún mẹ́rin kẹ̀?" ni màmá mi wí. Ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń nu abọ́ kan. "O ò tíì pé mẹ́ta. Ọṣẹ ṣì wà lójú ẹ."

"Ọṣẹ wà lójú mi," ni mo wí.

"O ò jẹ́ kí n ṣan án. O ní kí n kọ́kọ́ dá ọkọ̀ lóhùn."

Àǹtí fi ìborùn bo ẹnu. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

Màmá mi wá kọjú sí wa, abọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Nígbà tílẹ̀ mọ́, o bu omi sí ife, o gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ta ló ni ín. O ní ẹni tó sunkún tó báyẹn, òùngbẹ á ti máa gbẹ ẹ́."

N kò gbọ́ èyí rí. Bí Àǹtí ṣe wò ó, ó jọ pé òun náà kò gbọ́ ọ rí.

Mo fa àpótí ìjókòó mi sún mọ́ ọn. "Kí ni mo tún sọ, Màmá?"