Ilé Safiyyah Wà Nínú Fọ́tò Náà

Ọmọ Èkìtì ni Bọ́láwárìn, àmọ́ Agbowó ló ń gbé. Ọ́fíìsì kan ní Onírèké ló ti ń ṣiṣẹ́. Fọ́tò ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀, kó lè wá ibi tí omíyalé ti lè ṣọṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan tó ń fi fọ́tò àtijọ́ wé tuntun, ó rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn gan-an létí odò ẹ̀yìn àdúgbò. Tẹ́lẹ̀, odò náà fẹ̀ dáadáa. Ní báyìí, ó ti rí tín-ín-rín, nítorí wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì ṣọ́ọ̀ṣì wọ inú rẹ̀. Bọ́láwárìn náà wà lára àwọn tó ru búlọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì ọ̀hún.

Ó mú fọ́tò náà tọ Bàbá Ayẹni lọ, alàgbà tó ń darí ìjọ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá. Ó bi í léèrè bóyá ó yẹ kí ọmọ ìjọ máa fi ẹ̀rọ wá ẹ̀bi ilé Ọlọ́run.

Bọ́láwárìn kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Òjò tó ń bọ̀ yìí pọ̀, a ti ń rí ìkùukùu rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé ìsìn kúrò níbẹ̀."

Bàbá rò ó títí, ó sì gbà. Ilé ọmọ ìjọ kan ní Bódìjà ni wọ́n ti ṣe ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ìsìn ń lọ lọ́wọ́ ni òjò dé. Kó tó dá, omi ti dé ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìjọ dúpẹ́, bàbá sì gbọ́wọ́ lé Bọ́láwárìn lórí, ó súre fún un.

Ṣùgbọ́n fẹ́ǹsì tó dí omi lọ́nà ti darí rẹ̀ sí ilé Safiyyah, aránṣọ tó múlé ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ògiri wó lu ìyá ọkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá àgbà sì kán.

Nígbà tí Bọ́láwárìn lọ kí wọn, Safiyyah ń sá aṣọ oníbàárà tó ti di ẹrẹ̀. Kò pariwo.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti kó ìsìn yín kúrò. Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àbí?"

Bọ́láwárìn ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ilé tiwa ńkọ́? Ṣé kò sí nínú fọ́tò yẹn ni?"

Ó wà níbẹ̀. Páànù rẹ̀ hàn kedere. Ojú Bọ́láwárìn ti kọjá lórí rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ẹni tirẹ̀.

Ó padà lọ bá Bàbá Ayẹni pé kí wọ́n wó fẹ́ǹsì náà. Bàbá kò jiyàn lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ọkùnrin ìjọ gbé òòlù, wọ́n sì wó o. Lẹ́yìn náà ni Bọ́láwárìn ń fi fọ́tò náà lọ láti ojúlé dé ojúlé létí odò, ó ń kìlọ̀ fún wọn pé omi lè ya wọlé. Àwọn kan dúpẹ́. Àwọn mìíràn ní àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn ló rán an. Bí iṣẹ́ bá ti parí, tí ojú ọ̀run sì ṣú, yóò tún jáde lọ kanlẹ̀kùn.