Bàálù Kì Í Dúró De Èrò

Bísọ́dún kì í kọ́kọ́ wọ mọ́tò. Láéláé. Láti ìgbà tó ti ń gbé epo pupa láti Oǹdó lọ tà ní Àkúrẹ́, òdìkejì gáréèjì ló máa ń jókòó sí, á máa jẹ ẹ̀pà, títí agbèrò á fi ké pé, "Àkúrẹ́, ó ku ẹnì kan!" Nígbà náà ló ń dìde. Àwọn tó kánjú ti làágùn. Òun á wọlé, mọ́tò á gbéra. Ọgbọ́n nìyẹn.

Ọgbọ́n náà ló lò lọ́jọ́ Ẹtì tí yóò fò lọ sí Àbújá. Ìgbà àkọ́kọ́. Moríyọ̀ ọmọ rẹ̀ ti bímọ níbẹ̀, àárọ̀ ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ. Orúkọ kan sì wà níkùn ìyá àgbà, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lójú ọ̀nà, Jethro tó ń wa mọ́tò bojú wẹ̀yìn. "Mọ́mì, aṣọ yìí kì í ṣe aṣọ epo o. Ibo là ń lọ?"

"Àbújá. Bàálù." Bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan.

"Háà! Aago mélòó ló ń gbéra?"

"Wọ́n ní aago méjì. Ṣé o ò mọ̀ wọ́n ni? Kó tó kún, á di mẹ́ta."

Agnes tó jókòó níwájú bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Mọ́mì ń retí agbèrò lẹ́nu bàálù!"

Jethro ò rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, bàálù kì í dúró de èrò."

Bísọ́dún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Wákàtí kan péré ni bàálù fi ń dé Àbújá. Mọ́tò ńkọ́? Odindi ọjọ́. Kó tó débẹ̀, ìyá ọkọ Moríyọ̀ á ti sọ ọmọ lórúkọ tirẹ̀.

Pápá bàálù sì wà lọ́nà Ọ̀wọ̀, ó kọjá ìgboro Àkúrẹ́. Gbémiga, ọkùnrin tó fún mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló sọ̀rọ̀. "Arákalẹ̀ nígboro ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n Arákalẹ̀ ò ní fò lọ. Ẹ gbé Mọ́mì débẹ̀ ná."

"Èmi náà gbà," ni Agnes wí, ó ṣì ń nu omijé ẹ̀rín.

Jethro tẹ iná mọ́lẹ̀.

Wọ́n bá bàálù nílẹ̀. Òun náà ló wọ bàálù gbẹ̀yìn. Ìṣe ò kúkú yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àga tó ṣófo! Ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, bàálù gbéra bẹ́ẹ̀. Àánú ẹni tó ń wà á ṣe é. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí àga ẹ̀gbẹ́, ó bu ẹ̀pà sẹ́nu. Kò tíì jẹ ẹ́ tán tí wọ́n ní àwọn ti dé.

"Mọ́mì, ẹ kú ìrìn. Ṣé kò jìnnà jù?" ni Moríyọ̀ bi í.

"Àbújá ò jìnnà. Oǹdó sí Àkúrẹ́ ló jìnnà."

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò tíì to àga tán ní pálọ̀ tí Bísọ́dún ti jókòó. Níwájú pátápátá. Òun nìkan láàárín àga òfìfo. Ìyá ọkọ wọlé, ó bá a níbẹ̀.

"Ẹ mà tètè dé, Mọ́mì."

"Ẹ jẹ́ n tètè dé lẹ́ẹ̀kan láyé mi."

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ jáde, kò dúró de ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀rẹ́olúwa," ló wí.